Èéfín Àyìnrín

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní èéfín nìwà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí, tí mo sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi náà: pé bí ènìyàn dáná sínú ilé, tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó sì ti fèrèsé, èéfín yóò wá ihò kan gbà jáde, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwà ẹ̀dá kò ṣe é fi aṣọ bò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ sínú ìwé wọn, èmi a sì fún wọn ní máàkì. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi, èmi fúnra mi kò fara balẹ̀ wo èéfín rí, àfi ìgbà tí mo lọ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí agbára rẹ̀ ju ti ẹni tí ó rà á lọ.

Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni mo fi ṣe ibùgbé, Àrámọ̀kọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì rí yóò mọ̀ pé òkè ni ó yí Ẹ̀fọ̀n ká, ara òkè náà ni a sì kọ́ ilé mọ́. Ó ṣòro kí ènìyàn rí ilé tí iwájú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ ní àdúgbò tiwa. Bí ọkọ̀ kò bá gbé imú sókè, yóò dorí kodò. Òkúta ni a fi ń há a lẹ́sẹ̀. Òtútù wa náà kò ṣe é fi wé ti Ìbàdàn tàbí ti Èkó. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, ọyẹ́ a máa fẹ́ débi pé ètè a bẹ́. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, kùrukùru a sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, a sì bo òpópónà mọ́lẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Nígbà tí a wà ní ọmọdé, ọkọ̀ tí a mọ̀ mọ́ ojú ọ̀nà yìí ni Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní tí wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀ pé ọkọ̀ eré ìje ni nígbà kan. Òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1975, ó sì tún gbà á ní ọdún 1978. Ní òwúrọ̀ kùtù, dẹ́rẹ́bà a fa ṣóòkù, a ṣáná sí i, sàláńsà a sì tu èéfín dúdú bí ẹni pé wọ́n ń sun táyà. Àwa ọmọdé a máa sáré wọ inú èéfín náà pẹ̀lú ariwo. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé irú èéfín wo ni. Èéfín ni èéfín ń jẹ́ lójú gbogbo wa.

Kí n tó gbàgbé, Ẹ̀fọ̀n ní ìtàn ẹ́ńjìnnì kan tí ó ju tèmi lọ fíìfíì. Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ibojì rẹ̀ wà ní ìlú wa, awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà ni kí ó tó di ajíhìnrere. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ ni ó sì wà tí ó fi sọ pé òun gbọ́ ohùn tí ó pe òun. Ẹ́ńjìnnì tèmi kò mú ohùn kankan wá. Owó ni ó mú lọ.

Ọdún tí mo pé ọmọ àádọ́ta ọdún ni mo yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, tí mo sì gba Ìbàdàn lọ láti ra ọkọ̀. Ohun tí ó yẹ olùkọ́ ni ọkọ̀ kékeré tí kì í jẹ epo. Ohun tí mo rà ni ọkọ̀ Jámánì kan, Tòkunbọ̀, tí ó ní sìlíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan ṣoṣo àti fáàfù mẹ́rìnlélógún, tí ó sì máa ń sáré bí ẹtu tí ọdẹ lé. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí kò ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ orí ọkọ̀ náà àti ọ̀kánjúà ọkàn mi ni wọ́n jọ ṣẹ̀ mí. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á. Ó ti ṣáná sí i dè mí. Ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò tí ó yó, ẹnu sàláńsà mọ́ tónítóní. Mo fi ìka nù ún, mo rẹ́rìn-ín, mo ka owó. N kò bi ara mi léèrè ìdí tí ẹni tí ó mọ iye tí wọ́n ń ta bẹntiróòlù yóò fi jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó epo lójú kan náà kí oníbàárà tó dé.

Ní ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, mo jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ìyàwó mi sì tẹ̀ lé mi láti wá wòran. Ọkọ̀ náà gbé imú sókè níwájú ilé wa bí ọba tí ń gba ìkíni. Mo ṣáná. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bú ramúramù, lẹ́yìn náà ni èéfín kan rú jáde ní ìdí rẹ̀ tí ó bo ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wa. Ìyá àgbà tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó figbe ta pé ilé ń jó. Kí a tó ka ọgọ́ta, gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Ọkọ̀ tún ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ìyàwó mi wò mí, ó wo ọkọ̀, ó wọlé lọ.

Mo pe mẹkáníìkì kan tí ọ̀rẹ́ mi júwe fún mi ní ìlú ńlá kan. Ó bi mí pé, “Irú èéfín wo ni, sà?”

Mo ní, “Èéfín funfun ni.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó ní bí èéfín bá ti jẹ́ funfun, gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ni ó ti jó, omi rediétọ̀ ni ó ń wọ inú sìlíńdà. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá a. Wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Owó oṣù méjì ni mo san. Mo wakọ̀ padà sí Ẹ̀fọ̀n ní alẹ́, mo ń kọrin lọ́nà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà tún ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Ojú tì mí. Olùkọ́ tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún kò fẹ́ di ẹni tí wọ́n ń fi èéfín júwe. Mo wá ọgbọ́n kan dá. Àyè tóóró kan wà láàárín ilé wa àti ògiri tí ó yí i ká; ibẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ sí, pẹ̀lú imú rẹ̀ lókè gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí, kí ojú má baà tó èéfín rẹ̀ láti ìta. N ó ṣáná, n ó sì jẹ́ kí ó yá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó jáde sí gbangba. Fèrèsé yàrá wa ni ó wà lókè sàláńsà gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn orí fífọ́ àti òòyì ní àràárọ̀. A ra oògùn ibà, ó lò ó tán, orí kò yé fọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi tí n kò ṣáná sí ọkọ̀, ara rẹ̀ a yá gágá. Ọjọ́ tí mo so méjèèjì pọ̀, n kò lè jẹun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Nínú ohun tí ó ń jáde ní ìdí ọkọ̀, èyí tí ó ń pani kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá fà á sínú, yóò lọ gba ààyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, ara yóò máa pa ẹni láti inú láìmọ ohun tí ó ń ṣe é. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tají ni ó ń tú u jáde jù, nítorí pé epo púpọ̀ ni ẹ́ńjìnnì tútù ń mu ju èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jó tán. Ohun èlò kan wà lójú ọ̀nà sàláńsà tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì, tí ó ń sọ májèlé yìí di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ dáadáa títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 300 nínú òṣùwọ̀n Celsius. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ó burú jù. Ti ọkọ̀ tèmi tilẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀ kí n tó rà á. Àwọn kan ti yọ ọ́ tà, nítorí àwọn irin olówó iyebíye tí ó wà nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí a ń gbé sí ẹ̀yìn fèrèsé ní alẹ́ ń tú ohun kan náà jáde, ó sì ti pa odidi ìdílé lójú oorun ní ilẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀méjì. Mo gbé ọkọ̀ padà sí iwájú ilé ní ọjọ́ náà. Ìyá àgbà lè máa pariwo.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé lórí èéfín bí ẹni tí ń múra ìdánwò. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe gbogbo ohun funfun tí ó ń jáde ní ìdí ọkọ̀ ni èéfín. Omi wà lára ohun tí bẹntiróòlù ń dà bí ó bá jóná. Lítà kan tí ó bá jó tán a mú omi tí ó tó nǹkan bí lítà kan jáde. Bí sàláńsà bá ti gbóná, omi yìí a bá afẹ́fẹ́ lọ láìfojú hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin rẹ̀ bá tutù, omi náà a máa kán tó, tó, tó sílẹ̀, èyí tí kò kán a sì di ìkùukùu funfun fún ìgbà díẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bá wà. Ẹni tí ó bá ti dé Ìkógòsì, tí kò jìnnà sí Àrámọ̀kọ, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò ti rí irú rẹ̀: omi tí ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀ gbóná ní orísun rẹ̀, bí òtútù bá sì mú, ooru a máa rú lójú omi náà. Kò sí ẹni tí ó ń pariwo pé odò ń jó. Funfun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá ni èyí tí kò lọ bọ̀rọ̀, tí ó nípọn, tí ó ní òórùn adùn díẹ̀, tí omi rediétọ̀ sì ń dín kù lójoojúmọ́. Èyí gan-an ni mẹkáníìkì tí mo pè rò pé ó ṣe mí. N kò dá a lẹ́bi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí i lẹ́nu ni ó bá ṣiṣẹ́.

Ọmọkùnrin kan wà ní SS2 nígbà náà tí kì í nawọ́ bí mo bá béèrè nǹkan lórí ewì. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ni ó ń gbé ní Ẹ̀fọ̀n, ilé kejì sí tèmi ní ìsàlẹ̀ òkè, ó sì máa ń bá mi wọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Bàbá rẹ̀ ń ṣe mẹkáníìkì ní Àrámọ̀kọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Ìtawúrẹ́, mo ń ráhùn fún ara mi lórí èéfín funfun yìí. Ọmọ náà ní, “Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe funfun.”

Mo ní kí ni ó wá jẹ́.

“Ó jọ àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì wa, sà. Kì í sì í rú bákan náà lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fi imú ọkọ̀ sí òkè ni ó ń rú jù. Ọjọ́ tí ẹ bá fi imú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, díẹ̀ báyìí ni.”

Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. N kò lè fèsì títí a fi rìn jìnnà.

Àwa olùkọ́ Yorùbá a máa kọ́ ọmọ pé àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ní èdè wa: dúdú, funfun àti pupa. Ohun tí kò bá ṣókùnkùn, tí kò sì pọ́n, a máa ń tètè jù ú sí ọ̀dọ̀ funfun kí a lè sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí ìyá mi, aláró ni ní Ìjerò, mo sì bá a jókòó ti ìkòkò aró nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí ó bá ti aṣọ bọ aró fẹ́ẹ́rẹ́, tí ó yọ ọ́, àyìnrín ni yóò pe àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tún ń tì í bọ̀ ọ́ léraléra, yóò di ẹtù, lẹ́yìn náà ni yóò tó dúdú. Ìyá yìí kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n bí ó bá rí ohun tí ń jáde ní ìdí ọkọ̀ mi, kò ní pè é ní funfun láéláé. Ọ̀rọ̀ náà wà nílé. Mo ní oyè ẹ̀kọ́, mo gbé e sílẹ̀, mo sì lo èyí tí ó yá lẹ́nu. Èéfín àyìnrín ni mo rí, èéfín funfun ni mo pè é. Owó oṣù méjì ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Nítorí pé èéfín àyìnrín, ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ́ìlì ni.

Bàbá ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo ròyìn tán, ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ó sùn síbí mọ́jú.” Ó fi imú ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ga, ó há a lẹ́sẹ̀, ó ní kí n padà wá ní aago mẹ́fà àárọ̀. Nígbà tí mo dé, kò ṣáná sí i rárá. Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn bí wọ́n ti tẹ̀ lé ara wọn nínú ẹ́ńjìnnì. Márùn-ún gbẹ, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ̀kẹfà, èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn pátápátá, dúdú, ó sì tutù. Ó gbé e sí mi nímú. Òórùn ọ́ìlì ni.

Ó wá ṣàlàyé. Ara ọ̀pá fáàfù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n de rọ́bà kékeré kan mọ́, kí ọ́ìlì tí ń bẹ lókè má baà tẹ̀ lé ọ̀pá náà wọ inú sìlíńdà. Bí ooru bá ti ń jẹ rọ́bà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò le, yóò sán, kò ní lè di ọ̀pá náà mú mọ́. Bí a bá pa ọkọ̀ ní alẹ́, ọ́ìlì a máa jò díẹ̀díẹ̀ gba ibẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ọkọ̀ bá gbé imú sókè, ìdí ẹ́ńjìnnì ni ó wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì orí ẹ́ńjìnnì yóò wọ́ lọ, sílíńdà kẹfà ni yóò sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá ṣáná, ọ́ìlì tí ó ti sùn síbẹ̀ a jó, èéfín àyìnrín a rú, ó tán. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ríìngì písítìnnì ni ó ti jẹ, a ò bá máa rí èéfín yìí nígbà tí mo bá tẹ iná mọ́ ọn láti gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tí ẹ́ńjìnnì sì ti gbóná. Ṣé mo rí i? N kò rí i rí. Ó ní, “Ẹ́ńjìnnì yín kò tíì kú. Rọ́bà ni.” Ẹlòmíràn ti sọ fún mi pé kí n pààrọ̀ odidi ẹ́ńjìnnì.

Mo bi í pé ṣé kò yẹ kí ọkọ̀ tí ó lágbára tó báyìí le ju èyí lọ. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Inú ìwé ni mo ti wá rí i lẹ́yìn náà pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti lágbára tó ni òwúrọ̀ rẹ̀ máa ń nira tó. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ń ṣe písítìnnì, bí ó bá sì gbóná, yóò wú tó ìlọ́po méjì bí irin ti ń wú. Nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún eré àsápajúdé, tí písítìnnì rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi agbára ńlá tẹ̀ kí ó lè fara da ìyà, wọ́n a máa fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lásán lọ, kí ó má baà há bí ó bá wú tán. Ní òwúrọ̀ tútù tí kò tíì wú, àyè yẹn ṣí sílẹ̀. A máa gbọ́ ariwo bí ẹni ń kan nǹkan, ọ́ìlì díẹ̀ a sì kọjá. Porsche tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí písítìnnì rẹ̀ ń lọ láti ọ̀tún sí òsì dípò òkè sí ìsàlẹ̀, lókìkí fún èéfín òwúrọ̀ nítorí pé ọ́ìlì a máa sùn sí ara ríìngì rẹ̀ mọ́jú. Àwọn tí ó ni ín kì í sì í bẹ̀rù bí kò bá ti pẹ́ tí kò sì pọ̀. Volkswagen alájàpá wa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bákan náà, bí kò tilẹ̀ ní agbára tí ènìyàn lè fi yangàn. Ní ọdún 2008, BMW gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ kan jáde tí wọ́n fi tọ́bò rẹ̀ méjèèjì sí àárín gbùngbùn, níbi tí ooru ti pọ̀ jù. Ooru yẹn ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń dá lẹ́bi fún bí rọ́bà fáàfù rẹ̀ ti ń tètè le.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà tilẹ̀ ní ẹ̀kọ́ èdè nínú. Lẹ́tà W tí ẹ ń rí lára agolo ọ́ìlì, bíi 20W-50 tàbí 5W-30, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó ni ó dúró fún. Bí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ bá ti kéré tó ni ọ́ìlì náà ń ṣàn tó nígbà tí òtútù bá mú. Mo ti ń ra ọ́ìlì fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ń sọ.

Rọ́bà mẹ́rìnlélógún kì í ṣe owó kékeré, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ọdún náà gan-an ni àkọ́bí mi wọ yunifásítì. Mo pinnu pé kí n ta ọkọ̀ náà bí ó ti wà. Ẹni tí ó fẹ́ rà á jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí mo ti kọ́ rí, tí òun náà ti di olùkọ́ ní Ìjerò. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó mọ ọ̀nà ọjà ọkọ̀ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní kí n da ọ́ìlì tí ó ki jù sí i, kí n ṣáná sí i ní aago mẹ́jọ, kí n sì sọ fún oníbàárà pé aago mẹ́wàá ni n ó ráyè. Ó ní gbogbo ayé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà.

Mo ṣe é. N kò ní fi pamọ́ fún yín.

Ọ̀dọ́kùnrin náà dé ní aago mẹ́wàá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ yẹn. Ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Lẹ́yìn náà ni ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sì gbé e kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

“Ṣé ẹ ti jáde láàárọ̀ yìí ni, sà?”

Ẹnu mi ti là láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ti lọ sí ọjà. Mo gbójú sí ìsàlẹ̀ òkè, mo rí ọmọ SS2 mi tí ó jókòó lórí àkàsọ̀ ilé ìyá rẹ̀ àgbà. Ó ti rí mi láti aago mẹ́jọ. Nígbà tí ojú wa pàdé, òun ni ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀, bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀.

Mo ní, “Rárá o. Mo ṣáná sí i dè ọ́ ni. Pa á, kí o sùn sọ́dọ̀ wa mọ́jú.”

Kò bi mí ní ìdí rẹ̀. Ìyàwó mi gún iyán ní alẹ́, a jẹun, a sọ̀rọ̀ nípa gbogbo nǹkan tí kì í ṣe ọkọ̀. Ní aago márùn-ún àbọ̀, kùrukùru ṣì bo ojú ọ̀nà, mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, mo sì lọ dúró sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàláńsà. Ó ṣáná. Ó rú. Ọ́ìlì kíki tí mo dà sí i kò ran ohunkóhun lọ́wọ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró tì mí nínú rẹ̀ títí ó fi tán.

Ó ní, “Èló ni rọ́bà rẹ̀, sà?”

Mo sọ iye tí wọ́n pè é fún mi. A yọ ọ́ kúrò nínú owó tí mo kọ́kọ́ pè, a yọ owó iṣẹ́ kúrò, a sì jọ gbé ọkọ̀ náà lọ sí Àrámọ̀kọ ní ọjọ́ yẹn. Bàbá ọmọ náà kò ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Okùn ni ó tì gba ihò púlọ́ọ̀gì wọ inú sìlíńdà, ó sì yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí písítìnnì lè gbé okùn náà sókè láti fi ti fáàfù kí ó má baà já sínú. Ó wá ń yọ rọ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ nínú wọn fọ́ sí i lọ́wọ́ bí èèpo ẹyin. Ọjọ́ méjì ni ó fi ṣe é tán.

Ìjerò ni ọkọ̀ náà wà di òní. Bí ọ̀dọ́kùnrin yẹn bá wá kí wa ní Ẹ̀fọ̀n, ìyá àgbà a máa dìde kúrò ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó ṣáná láti lọ, bí èéfín kankan kò tilẹ̀ rú mọ́. Òun náà, kí ó tó pa ọkọ̀ níwájú ilé wa, yóò kọ́kọ́ yí i padà pátápátá ní ojú ọ̀nà tóóró náà, kí imú rẹ̀ lè kọjú sí ìsàlẹ̀.